Ẹ Má Kà Wá, Ẹ Kọ Orúkọ Wa Sílẹ̀: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Aṣáájú Ọmọ Yorùbá ní Abuja àti Òkè Ọya

Sí ẹ̀yin baálé àti olóyè wa, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin pásítọ̀ àti àlùfáà, àti ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ń pàdé lóṣooṣù láti Kubwa dé Nyanya, láti Kaduna dé Kano, títí dé Jos àti Minna.

Ẹ̀yin àgbà wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú àbójútó àwa ọmọ ẹ̀yìn odi.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí, Mararaba ni mò ń gbé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbẹ̀bí ní Nyanya kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú wa lóṣù tó kọjá. A fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n bá wa kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí àdúgbò. Akọ̀wé gbé bíró sókè, ó ní mélòó ni kí òun kọ pé a jẹ́? Ẹnìkan ní ẹgbẹ̀rún méjì. Ẹlòmíràn ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Bàbá kan ní ká kúkú kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, pé ìjọba á bá wa dín in kù tó bá yá. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náà la kọ. Mo wá nawọ́ sókè, mo béèrè pé: ọmọ mélòó la bí láàárín wa lọ́dún tó kọjá? Mélòó ló kú nínú wọn? Ìyá mélòó ló kú lórí ìkúnlẹ̀? Gbogbo yàrá dákẹ́ rọ́rọ́.

Alàgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ." Ìpàdé bá tẹ̀ síwájú. Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé, ó bá mi sùn, ó bá mi jí.

Mi ò kọ̀wé láti tako àgbà. Abiyamọ ni èmi náà, mo sì mọ ohun tó bí òwe yẹn. Ẹni tó ti sin ọmọ méjì rí, èèyàn ò lè dúró níwájú rẹ̀ kó máa nàka sí àwọn tó ṣẹ́kù, ení, èjì, ẹ̀ta. Ńṣe ló máa ń dà bíi pé èèyàn ń fi wọ́n han ikú. Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó dáadáa: kíkà ni àwọn baba wa kọ̀, wọn ò kọ pípe orúkọ. Ní ọjọ́ kẹjọ tí a bímọ, a máa ń pé jọ, a á gbé omi, iyọ̀, oyin, obì àti orógbó kalẹ̀, bàbá àgbà, ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n ọkọ, kálukú á ju owó sínú omi, á sì sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ kan lè gba orúkọ mẹ́wàá láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ohun tí mò ń tọrọ lọ́wọ́ yín kò ju pé kí ẹnìkan wà níbẹ̀ tó mú bíró àti ìwé dání.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti erékùṣù kan fún yín.

Nauru ni wọ́n ń pè é, àárín Òkun Pàsífíìkì ló wà. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ò ju kìlómítà onígun mẹ́rin 21 lọ. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lónìí tó nǹkan bí 12,000. Bí a bá kó gbogbo wọn wá sí ọjà Mararaba lọ́jọ́ ọjà, àwọn ọlọ́jà ò ní mọ̀ pé èrò pọ̀ sí i. Síbẹ̀, orílẹ̀-èdè ni wọ́n, wọ́n ní àsíá, wọ́n sì ní ìràwọ̀ kan lára àsíá náà tó ní ẹnu méjìlá fún ìdílé ńlá méjìlá tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ní nǹkan bí ọdún 1920, àrùn inflúẹ́ńsà wọ erékùṣù náà, ó sì kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ọsirélíà ló ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà. Alábòójútó tó wà níbẹ̀ wo iye tó ṣẹ́kù, ó sì sọ pé bí ọmọ Nauru ò bá tó 1,500, wọ́n lè parun. Ẹ fojú inú wo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ fún ìran kan! Wọn ò fi í pamọ́, wọn ò sì sọ pé èèwọ̀ ni. Wọ́n ń kọ ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bí, wọ́n ń kọ ẹnikẹ́ni tó bá kú, gbogbo ìlú sì ń retí. Ní ọjọ́ 26 Oṣù Kẹwàá ọdún 1932, wọ́n bí ọmọbìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Eidegenegen Eidagaruwo. Òun ló sọ wọ́n di 1,500. Wọ́n pe ọjọ́ náà ní Angam, ìyẹn ayọ̀ ẹni tó dé ibi tó ń lọ. Títí di òní, ọjọ́ ìsinmi ni ní Nauru.

Kò parí síbẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Japan gba erékùṣù náà ní 1942. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó nǹkan bí 1,200 ọmọ Nauru lọ ṣiṣẹ́ ní erékùṣù Truk tó jìnnà réré. Ebi pa wọ́n, àìsàn sì jẹ wọ́n. Ọjọ́ 31 Oṣù Kìíní ọdún 1946 ni ọkọ̀ ojú omi kó àwọn tó yè padà wálé. 737 ni wọ́n. Wọ́n mọ iye tó lọ, wọ́n mọ iye tó bọ̀, nítorí náà wọ́n mọ iye òkú tí wọ́n máa sunkún. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn tó dé àti àwọn tó kù nílé tún ti bí sí i, wọ́n sì tún pé 1,500 lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí wọ́n máa gba òmìnira ní 1968, ọjọ́ 31 Oṣù Kìíní yẹn gan-an ni wọ́n mú.

Ẹ̀yin àgbà mi, nígbàkúùgbà tí mo bá rántí ọmọ ọdún 1932 yẹn, omi máa ń lé sí mi lójú. Ọmọ kan ṣoṣo, gbogbo ìlú mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n mọ ọjọ́ tó dé, wọ́n sì mọ ohun tí wíwá rẹ̀ túmọ̀ sí. Nínú àwa tá a wà ní Òkè Ọya, ọmọ wo ló sọ wá di ẹgbẹ̀rún márùn-ún? Ta ló mọ̀? Ta ni ì bá ti lu ìlù fún un?

Iceland náà ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ti pẹ́ jù ti Nauru lọ. Ní 1703, ọba Denmark tó ń ṣàkóso wọn ní kí wọ́n kọ gbogbo ènìyàn tó wà ní erékùṣù náà sílẹ̀, orúkọ, ọjọ́ orí àti ipò ẹni nínú ilé, títí kan àwọn alágbe tí kò nílé. Wọ́n jẹ́ 50,358. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìgbóná, tí àwọn àgbà wa ń pè ní Olóde, bá ọkọ̀ ojú omi wọ̀lú, ó sì pa ó kéré tán ẹnìkan nínú mẹ́rin. Tí kì í bá ṣe ìwé ọdún 1703 yẹn, ohun tá a máa mọ̀ lónìí ni pé "ọ̀pọ̀ èèyàn kú." Ọ̀pọ̀ kì í ṣe iye. Àwa náà ti ń fi "ọ̀pọ̀" sin òkú wa tipẹ́.

Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ń lò níbẹ̀ kò le rárá. Ìyá alátà ń ṣe é lójoojúmọ́ láìmọ̀ pé ìṣirò ni. Ata tó kù lánàá, fi èyí tó rà kún un, yọ èyí tó tà kúrò, yọ èyí tó jẹrà kúrò, ohun tó kù lórí àtẹ ló ní láàárọ̀ òní. Ènìyàn náà bẹ́ẹ̀: iye tá a jẹ́ lọ́dún tó kọjá, fi ìbí kún un, fi àwọn tó kó wọ̀lú kún un, yọ àwọn tó kú, yọ àwọn tó kó lọ. Ilẹ̀kùn mẹ́rin péré ni. Ìkànìyàn kàn ń wo orí àtẹ ní ọjọ́ kan ni. Bó bá rí i pé ata ti dín kù, kò lè sọ bóyá ó tà ni tàbí ó jẹrà. Ìyàtọ̀ sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó ni ọjà.

Nígbà tí èèyàn bá kéré níye, ewu mìíràn wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìwé wa ṣi wá lọ́nà. Ká ní ọmọ 200 ni a bí lọ́dún kan, tí 4 kú nínú wọn kí wọ́n tó pé ọdún kan. Àwọn onímọ̀ á sọ pé 20 kú nínú ẹgbẹ̀rún. Bó bá di ọdún kejì, ká tún bí 200, kí 6 kú, ó ti di 30 nínú ẹgbẹ̀rún nìyẹn. Ìwé ìròyìn á pariwo pé ikú ọmọ ti fi ìdajì lé sí i. Ọmọ méjì ló lé o! Ó lè jẹ́ pé àjálù kan dé, ó sì lè jẹ́ bí ayé ṣe rí lásán. Ìdí nìyí tí àwọn erékùṣù kéékèèké fi máa ń kó ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún pọ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ìwé ọdún kan ò lè sọ nǹkan kan fún wa. Ìdí nìyí tí mo fi ń kánjú.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á sọ pé ìjọba ló ni iṣẹ́ yìí. Òótọ́ ni, òfin ọdún 1992 sì ti sọ ọ́ di dandan pé kí a máa forúkọ ìbí àti ikú sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ìkànìyàn 1962, wọ́n dà á nù. Ti 1973, wọ́n dà á nù. Ti 2006 ló kẹ́yìn, ó sọ pé a jẹ́ 140,431,790. Wọ́n ní àwọn á tún kà ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2023, wọ́n sì sún un síwájú. Ọmọ tí mo gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń kànìyàn ní 2006 ti tó dìbò báyìí, kò tíì sí ẹni tó kà á rí.

Mo rántí ọ̀sẹ̀ yẹn dáadáa. Ilé tá à ń gbé nígbà náà ní Nyanya jẹ́ oníyàrá mẹ́jọ, Yorùbá ni gbogbo wa àfi ìdílé kan. Nígbà tí àwọn akànìyàn dé, yàrá mẹ́ta ló ṣí. Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn márùn-ún. Wọ́n ti lọ sílé. Wọ́n ní ìlú àwọn ló yẹ kó jẹ èrè orí àwọn. Mi ò bá wọn wí, ìfẹ́ ilé ni. Àmọ́ Nyanya ni ọmọ wọn ń lọ síléèwé, Nyanya ni ìyàwó wọn ń bímọ sí. Orí wọn wà ní Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹsẹ̀ wọn wà lọ́dọ̀ wa. Lẹ́yìn náà, à ń ráhùn pé ibùsùn ò tó ní ilé ìgbẹ̀bí.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Ìkànìyàn 1991 àti ti 2006 kò béèrè ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ti 1963 ló béèrè ẹ̀yà gbẹ̀yìn. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, nígbàkúùgbà tí ẹ bá dìde níbi àpéjọ tí ẹ sọ pé mílíọ̀nù báyìí ni ọmọ Yorùbá tó wà ní Òkè Ọya, ẹ̀yin náà mọ̀ pé àbá ni.

Iye ikú ọmọdé tí a sì ń kà nínú ìwé ìròyìn, ibo ló ti ń wá? Kì í ṣe inú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Wọ́n máa ń rán àwọn obìnrin láti ojúlé dé ojúlé pé kí wọ́n bi àwọn ìyá léèrè: ọmọ mélòó lẹ bí, mélòó ló wà láyé, ìgbà wo ni èyí tó kú kú. Ìwádìí ọdún 2018 rí i pé nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí a bí láàyè, 132 ò pé ọdún márùn-ún. Nígbà tí wọ́n tún ṣe é ní 2023 sí 2024, ó ti wálẹ̀ sí 110. Mo dúpẹ́ pé ó dín. Iṣẹ́ ribiribi ni àwọn tó ṣe é ṣe. Ti ìyá tó kú lórí ìkúnlẹ̀ ńkọ́, òun tí kò sí nílé mọ́ láti dáhùn? Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá ni wọ́n ń bi. Ọgbọ́n ńlá ni. Ó kàn dùn mí pé orílẹ̀-èdè tó tóbi tó báyìí ní láti máa gba ẹ̀yìn àbúrò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n kú.

Ẹ sì jẹ́ kí n sọ bí ìdáhùn yẹn ṣe máa ń rí. Obìnrin kan wá forúkọ oyún sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Mo ní, "Ìyá wa, ọmọ mélòó lẹ ti bí?" Ó ní mẹ́ta. Mo kọ ọ́. Nígbà tí mo yẹ ikùn rẹ̀ wò, ojú abẹ wà níbẹ̀, àwọn nǹkan mìíràn sì wà tí nọ́ọ̀sì máa ń rí. Mo tún béèrè, ohùn mi rọ̀. Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó wá rọra fi ìka kọ "5" sórí itan rẹ̀, lábẹ́ aṣọ tí mo fi bò ó. Mo pa "3" rẹ́. Tó bá jẹ́ pé ojúlé ni àjèjì kan ti wá bi í, pẹ̀lú ìyá ọkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, mẹ́ta náà ló máa wà nínú ìwé.

Àwa Yorùbá Òkè Ọya, ìṣòro tiwa tún jọ ti erékùṣù mìíràn tó ń jẹ́ Niue. Àwọn tó ń gbé Niue ò tó 2,000. Àwọn ọmọ wọn tó wà ní New Zealand sì ju ìlọ́po mẹ́wàá iye yẹn lọ. Abiyamọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá le níbẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú ló máa gbé e lọ bímọ sí òkè òkun. Ilé wo ni ọmọ náà jẹ́? Ìlànà tí ayé ń lò ni pé ibi tí ìyá ń gbé ni kí a kà á sí, kì í ṣe ibi tó kúnlẹ̀ sí. Tiwa ńkọ́? Oyún bá ti pé oṣù mẹ́jọ, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ ìyá wa ní Ìbàdàn. Ìbàdàn gba ọmọ, Ìbàdàn kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá rántí, oṣù kẹta a gbé ọmọ padà wá sí Mararaba. Mararaba gan-an ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Nasarawa ló wà, ṣùgbọ́n Nyanya tó wà lábẹ́ Abuja ni obìnrin Mararaba ń bímọ sí. Tí wọ́n bá fi ọmọ tí a gbà ní Nyanya pín sára àwọn ará Nyanya nìkan, á dà bíi pé obìnrin Nyanya kì í sinmi ọmọ bíbí. Mararaba á sì dà bí ìlú àgàn.

Ti ikú ló burú jù. Musulumi kú láàárọ̀, a sin ín kí oòrùn tó wọ̀, ẹni ire ni a sin, kò sí ìwé. Kìrìsìtẹ́nì kú, a gbé e sínú ọkọ̀, ó di ilé. Télọ̀ kan wà ní àdúgbò wa, òun ló rán aṣọ ìgbéyàwó àbúrò mi. Àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ṣe é, ó kú lórí ibùsùn rẹ̀ lóru, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ ti gbé e dé Lokoja, ó di Ògbómọ̀ṣọ́. Ìsìnkú dùn, ilù dún, mo rí fọ́tò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá jókòó sí pálọ̀ mi, ó ń sunkún. Owó bàbá rẹ̀ wà ní báńkì, báńkì ní kó mú ìwé ẹ̀rí ikú wá. Nílé, wọ́n ní kò kú síbí. Níbí, wọ́n ní a ò sin ín síbí. Ọkùnrin tó lo ọdún mẹ́rìnlélógún ní àdúgbò kan, tó fi téèpù wọn gbogbo wa, kò sí bébà kankan lórí ilẹ̀ tó sọ pé ó kú. Nínú gbogbo ìṣirò, ó ṣì wà láàyè.

Ohun tí mò ń tọrọ nìyí. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan, mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan ra ìwé ńlá kan, irú èyí tí àwọn olùkọ́ fi ń pe orúkọ ọmọ iléèwé. Ẹni tó bá wọ̀lú wá bá wa, ẹ kọ ọ́. Ẹni tó bá kó lọ, ẹ kọ ọ́. Ọmọ tí a bá bí, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀, ọjọ́ tí a bí i, ibi tí a bí i sí àti ibi tí ìyá ń gbé. Ẹni tó bá kú, ẹ kọ ọjọ́ orí rẹ̀, ibi tó kú sí, ibi tí a sin ín sí, àti ohun tí a rò pé ó pa á, kódà bó bá jẹ́ "ibà" lásán. Pásítọ̀ àti àlùfáà, ẹ̀yin lẹ wà níbi ìkómọ, ẹ̀yin náà lẹ wà níbi ìsìnkú. Kò sí ẹlòmíràn láyé yìí tó ń wà ní ilẹ̀kùn méjèèjì. Kí ìkómọ má tú ká láìjẹ́ pé a ti yan ẹni tó máa mú bàbá ọmọ lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Kí òkú má kúrò ní àdúgbò láìjẹ́ pé ẹnìkan ti dúró lẹ́yìn láti gba ìwé rẹ̀.

Mo mọ ẹ̀rù tó wà nílẹ̀, mi ò ní fojú fò ó. Ẹni tó rí Kaduna ní 2000, tó rí Jos ní 2001, kò ní fẹ́ gbọ́ pé orúkọ òun wà nínú ìwé kan tí wọ́n kọ "Yorùbá" sí lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Jos nígbà yẹn, mo mọ bó ṣe rí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má kọ nọ́ńbà ilé tàbí òpópónà sínú rẹ̀. Kí ó má sí lórí fóònù, kí ẹnikẹ́ni má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kí ìwé méjì wà lọ́wọ́ ènìyàn méjì, ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nínú àpótí oníkọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ pé ó le jù lẹ́yìn rògbòdìyàn yẹn: ọjọ́ tí wọ́n kóra jọ nínú ọgbà ìjọ láti mọ ẹni tó sọnù. Wọ́n ń pe orúkọ láti orí. Ọjọ́ kẹta ni ẹnìkan tó rántí alágbàfọ̀ kan tó ń dá gbé.

Ọ̀ràn kan ló ṣì ń dà mí láàmú, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ mọ àṣà jù mí lọ bá mi dá sí i. Mo ní orúkọ ni ká máa kọ. Ọmọ tí kò dé ọjọ́ kẹjọ ńkọ́, tí a ò tíì sọ lórúkọ? Irú wọn ò kéré. Nínú 132 tí ìwádìí 2018 sọ yẹn, 39 ni kò pé oṣù kan. Àwọn wọ̀nyẹn la máa ń sin ní kùtùkùtù láìsọ fún ẹnikẹ́ni, tí a ó sì ní kí ìyá má sunkún kó má baà dí ọ̀nà èyí tó ń bọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n àwọn gan-an ni ilé ìgbẹ̀bí tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ì bá gbà là. Bí a ò bá kọ wọ́n, kí la fẹ́ sọ fún ìjọba pé ó ń ṣe wá?

Mo ní ìwé mẹ́rin tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ní gbogbo ọdún tí mo fi gbẹ̀bí, yàtọ̀ sí ti iléeṣẹ́. Nínú ìwé kejì, ojú-ewé kan wà tí mo kọ ọmọ mọ́kàndínlógún sí. Mo fi bíró pupa tọ́ àmì sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta nínú wọn. Méjì ní orúkọ. Ìkẹta, mo kọ ọ́ báyìí pé: "Ọmọ Ìyá Bọ́sẹ̀, obìnrin, ó lo ọjọ́ mẹ́ta, irun rẹ̀ pọ̀." Ìyá Bọ́sẹ̀ rí i lọ́jọ́ kan tó wá kí mi nílé. Ó fọwọ́ sórí ìlà náà, ó sì pẹ́ kó tó gbé ọwọ́ kúrò. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ rántí irun rẹ̀."

Ọjọ́ Àìkú kejì oṣù tó ń bọ̀ la máa tún ṣèpàdé. Ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wà lórí tábìlì níwájú akọ̀wé. Mo ti ra èkarùn-ún, mi ò kọ nǹkan kan sí i.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì, Mararaba.